Nígbà Tí Etí Mi Ọ̀tún Dí

Ohùn mi kì í ṣe ohùn kékeré. Olùkọ́ ni mí ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Awoyaya, kíláàsì mi sì kọjú sí títì márosẹ̀, níbi tí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń lọ sí èbúté ti ń fọn fèrè láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹni tí kò bá lè pariwo ju fèrè lọ, kò lè kọ́ ọmọ ní ìṣirò níbẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ọ̀fìnkìn mú mi. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́fà ó lọ, ṣùgbọ́n etí mi ọ̀tún dí pátápátá, bíi ti ẹni tó wà lábẹ́ omi. Ohùn àwọn ẹlòmíràn wá ń ti òkèèrè wá. Tèmi ló wá ń dún nínú agbárí mi bí ẹni tó ń pariwo sínú kànga. Bí mo bá ń jẹ gúgúrú, mi ò gbọ́ nǹkan mìíràn mọ́. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ nìyẹn, láì tilẹ̀ fura.

Nílé ìwé, àwọn ọmọ dákẹ́ kí wọ́n lè gbọ́ mi. Ọ̀gá wa obìnrin wá wo kíláàsì mi lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n bi mí bóyá mo lọ kọ́ ẹ̀kọ́ tuntun kan ni. Mo ní etí ló ń dà mí láàmú. Wọ́n ní kí n máa bá a lọ bẹ́ẹ̀.

Nílé, ọkọ mi rò pé mo ń bínú. Ọdún mọ́kànlá tí a ti fẹ́ra, kò tíì gbọ́ kí n pe òun wá jẹun kí aládùúgbò má gbọ́. Lọ́jọ́ kìíní, ó fọ abọ́. Lọ́jọ́ kejì, ó fọ mọ́tò mi. Lọ́jọ́ kẹrin, ó pa tẹlifíṣọ̀n, ó jókòó sí apá ọ̀tún mi, ó tẹjú mọ́lẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ náà gùn. Nígbà tó parí, ó nu ojú rẹ̀.

Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sí apá òsì. Mi ò gbọ́.”

Ó wò mí. “Gbogbo ẹ̀?”

“Mo gbọ́ ‘bàbá ẹ’.”

Ó dìde, ó bọ́ sí òsì, ó sì tún gbogbo rẹ̀ sọ. Ó ní lọ́jọ́ tí a sin bàbá mi, ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, kì í ṣe pé ọkọ̀ òkun kan pẹ́ dé sí èbúté tí òun ti ń ṣiṣẹ́, bí òun ṣe sọ fún mi. Òun ti dé ìlú wa láàárọ̀. Inú mọ́tò ni òun jókòó sí lẹ́yìn ilé ìwé kan, òun ò lè sọ̀ kalẹ̀. Bàbá mi ló kọ́ òun ní mọ́tò wíwà, òun sì mọ̀ pé òun á sunkún lójú àwọn àna òun. Nígbà tí àwọn èèyàn ń tú ká, òun yí mọ́tò padà sí ilé wa ní Ajah.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi gbèjà ọkọ̀ òkun yẹn. Mo ti bá àwọn àbúrò mi jà nítorí ẹ̀.

Ó bi mí pé, “Ṣé torí ìyẹn lo ṣe ń bínú?”

“Mi ò bínú. Etí mi ló dí.”

Ó wá ní ó jọ pé òun ò lè gba ọ̀rọ̀ náà padà mọ́. Mo ní ó jọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá aránṣọ tó wà lójúde wa, tó jẹ́ ọmọ ìjọ aláṣọ funfun, gbọ́wọ́ lé etí mi, wọ́n gbàdúrà ṣókí, wọ́n sì ní kí n lọ rí dókítà, pé ó ti ṣe àwọn náà rí. Ọkọ mi gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Oniru. Dókítà yẹ etí náà wò, ó ní ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tó ti ẹ̀yìn ìlù etí lọ sí ọ̀fun, pé òun ló ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọ inú etí nígbà tí a bá ń gbé nǹkan mì. Ọ̀fìnkìn ló mú kí ó wú, ó sì ti pa dé. Ó fún mi ní oògùn tí n óò máa fín sí imú, ó ní n ò gbọdọ̀ da òróró sí etí, n ò sì gbọdọ̀ fi nǹkan kan ro ó, pé bí kò bá là kí n padà wá. Ọkọ mi bi í pé ọjọ́ wo gan-an ni yóò là, bí ẹni ń béèrè ọkọ̀ òkun. Dókítà ní òun ò lè sọ.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, a gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ lọ sí ìlú wa, a lọ sí ibojì bàbá mi. Lọ́tẹ̀ yìí, ọkọ mi sọ̀ kalẹ̀. Ó sunkún lójú àwọn àbúrò mi méjèèjì, bó ṣe ti ń bẹ̀rù. Èyí àbíkẹ́yìn bu omi fún un. Kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan, àfi bó bá jẹ́ apá ọ̀tún mi ni wọ́n ti sọ ọ́.

Ọjọ́ kọkànlá lẹ́yìn ìyẹn, níbi ìpàdé àwọn olùkọ́, mo yán, etí mi sì ró pọ́. Ohùn fáànù wọlé, ti àwọn ọkọ̀ akẹ́rù wọlé, ti ọ̀gá wa náà wọlé, wọ́n ń ṣàlàyé bí a óò ṣe máa to bàtà àwọn ọmọ sẹ́nu ọ̀nà. Mo jókòó, mo gbọ́ gbogbo ẹ̀.