Ìbọn Kan Péré Ni Odell Máa Mú Lọ

Ìbọn ṣakabùlà méjì àti ìbọn ìléwọ́ kan ni Odell Teague ní, Charlene ọmọ rẹ̀ sì ti sọ pé ẹyọ kan ṣoṣo ló máa wọ ilé òun. Ojú bàbá ti ń ṣe bàìbàì, kò ṣeé dá fi sílẹ̀ lórí òkè mọ́. Lẹ́yìn ìdíje ìbọn yínyìn ti Sátidé, níbi tí ẹni tó bá borí ti ń gba ẹran màlúù, ìlú ló ń lọ. Ogójì ọdún la ti jọ ń yin ìbọn, n kò sì rí i kó dààmú bẹ́ẹ̀ rí.

Igi ni Odell fi gbogbo ayé rẹ̀ là nílé ìlagi. Owó oṣù rẹ̀ àkọ́kọ́ níbẹ̀ ló fi ra ìbọn ìléwọ́ yẹn, oníhò mẹ́fà tó ń yí po. Ìbọn gígùn tó ń fi òkúta ṣáná ló fi ń gba ẹran wa mọ́ wa lọ́wọ́ lọ́dọọdún. Ẹ̀kẹta, òun àti Nettie ìyàwó rẹ̀ ló jọ ṣe é. Nettie ló gbẹ́ igi ìdí ẹ̀. Láti ọdún mẹ́ta tí Nettie ti kú, kò tíì yìn ín.

Ó ní kí ìdíje bá òun yàn: èyí tí ọta rẹ̀ bá sún mọ́ àmì jù ló máa bá òun lọ.

Oníkálùkù wa sun pákó tirẹ̀ dúdú nínú iná, a fi ọ̀bẹ fa àmì sí i. Òfin kan wà: ẹni tó bá gbàgbé ètù, tó ki ọta lásán, agogo màlúù la máa so mọ́ ọn lọ́rùn títí ilẹ̀ á fi ṣú. A ò so ó mọ́ Odell lọ́rùn rí. Òun ló so ó mọ́ èmi lọ́rùn lẹ́ẹ̀mejì, tó sì ń pè mí ní màlúù títí di Kérésì. N kò tíì dárí jì í tán.

Ó yin ìbọn ìléwọ́. Ọta rẹ̀ fi ìka mẹ́rin jìnnà sí àmì. Ó yin olókùúta; kò ju ìka kan lọ.

Hoyt tó ń ṣọ́ àmì pariwo, "Ó ti parí! Olókùúta ló ń bá ẹ rèlú. Lọ jókòó, àgbà."

"Ẹ jẹ́ n yin ẹ̀kẹta."

Ó fi ọ̀rá àgùntàn pa àkísà, ó fi wé ọta, ó kì í wọlé. Ó dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn ìtì igi, ó wojú àmì pẹ́. Ó fa á. Pá! Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ; ìbọn kò dún.

"Agogo dà o!" Hoyt fò sókè. "Odell! Ọjọ́ gbogbo ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun!"

A rẹ́rìn-ín títí a fi ń wúkọ́. Èmi gan-an ni mo sáré gbé agogo wá. "Tẹ ọrùn ba, màlúù."

Ó tẹ ọrùn ba, mo so ó mọ́ ọn. Hoyt mú irin ìfàta dé. "Gbé e wá, ká bá ẹ fà á jáde."

"Má fọwọ́ kàn án."

"Kí ló dé?"

"Nettie ló máa ń rọ ètù sí èyí. Èmi á wá ki ọta." Ó ń wo ẹnu ìbọn náà. "Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Mo rò pé ó ti rọ ọ́."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu wa. Ojú tì mí. Mo fẹ́ tú agogo náà, ó gbá ọwọ́ mi dànù. Òfin ni òfin.

Charlene wa mọ́tò dé. "Dádì, èwo lẹ mú?"

"Èyí."

Hoyt ní, "Ọta wà nínú ẹ̀ o."

"Háà! Ìbọn tó lọ́ta nínú kọ́ lẹ máa gbé wọlé mi, Dádì!"

"Kò lè yìn. Kò sí ètù nínú ẹ̀."

"Ẹ kúkú rọ díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ yìn ín dànù."

Odell mi orí, agogo dún. "Iṣẹ́ ìyá ẹ nìyẹn."

Charlene sún mọ́ ọn. Ó gba ìbọn náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó tẹ́ ẹ sí ìjókòó ẹ̀yìn, ó sì bọ́ kóòtù rẹ̀ fi bò ó.