Ọ̀já Tuntun ní Ìsàlẹ̀ Àtẹ̀gùn

Ẹ wá ibi fìdí lé, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹni tó dúró kó jókòó, ẹni tó jókòó kó na ẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò gùn, àmọ́ ó ń dùn mí, ọ̀rọ̀ tó bá sì ń dun ni, wọn kì í fi ìkánjú sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé tí àwa onílé kọ́ sí àdúgbò wa l'Ọ́gbà ni, àti ti ọmọbìnrin ọmọ ọdún méjìlá kan tí kò lè fẹsẹ̀ rìn.

Ọmọ náà, ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ obìnrin ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ nínú ilé mi. Àga onítáyà ni ọmọ náà fi ń rìn, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì fi ń yí i. Tí ẹ bá rí bó ṣe ń yà fún kòtò ní títì wa, ẹ ó ní awakọ̀ ni. Ìyá rẹ̀ ń di búrẹ́dì sínú ọ̀rá nílé iṣẹ́ kan lápá Agége. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa ló ti jáde. Kò sẹ́ni tí yóò mú ọmọ lọ sílé-ìwé tó jìnnà, nítorí náà inú ilé ló ń wà. Ó ń ka ìwé tí mo bá yá a, tó bá sì kà á tán, a jọ máa ń jiyàn lé e lórí. Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìntì; mo mọ orí tó pé tí mo bá rí i.

Nígbà tí ilé iṣẹ́ kan kó kúrò ládùúgbò wa, tí ilẹ̀ rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ onílé, a fẹnu kò pé ilé-ìwé la ó kọ́ síbẹ̀, ilé-ìwé tí gbogbo ọmọ á lè lọ: èyí tí kò ríran, èyí tí kò gbọ́rọ̀, èyí tí ẹ̀kọ́ kì í tètè yé, àti èyí tí kò lè rìn. Wọ́n fi èmi náà sí ìgbìmọ̀. Mo délé, mo sọ fún ọmọ náà. Ó ní, "Màmá, láti ẹnu géètì wa dé ibẹ̀, mo lè dá lọ." Ẹ gbọ́ o, kò ní kí wọ́n mú òun lọ. Ó ní òun lè dá lọ.

Ọjọ́ tí wọ́n gbé àwòrán ilé náà wá sípàdé, mo wá kíláàsì àwọn ọmọ wọ̀nyí nísàlẹ̀, n ò rí i. Mo gbójú sókè. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n gbé e sí.

Alága wa, ọkùnrin tó lawọ́ ṣùgbọ́n tí kì í gba àtakò, ló dìde. "Àwọn ọmọ yìí ti jìyà tó," ó ní. "Ibi tó dára jù la fún wọn. Òkè latẹ́gùn wà. Ariwo jẹnẹrétọ̀ ilé iṣẹ́ kejì tó wà lẹ́yìnkùlé kò pọ̀ níbẹ̀, àgbàrá ò sì lè dé ibẹ̀. Èmi fúnra mi ni màá tẹ́ táìlì sí i." Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti wá yé mi. Nílé àwọn bàbá wa, òkè ni ẹni iyì ń gbé, ẹrù àti ewúrẹ́ ló ń wà nísàlẹ̀. Iyì ni wọ́n rò pé àwọn ń fún ọmọ.

Mo ní, "Alága, báwo ni wọ́n ṣe máa gòkè?"

"Màmá! A ó pọ̀n wọ́n ni. Ọmọ Yorùbá wo ni wọn ò pọ̀n rí?"

Akọ̀wé gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Òyìnbó ló ń ti ọmọ kiri bí ẹni ti ọmọlanke. Àwa ń pọ̀n ọmọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà pẹ́.

"Alága, ìgbà wo ni wọ́n pọ̀n yín kẹ́yìn?"

"Há, Màmá, èmi tí mo ti lọ́mọ-ọmọ?"

"Ọmọ ọdún méjìlá náà ti kúrò lẹ́yìn ìyá rẹ̀."

"Màmá, ẹ jẹ́ ká ṣe oore yìí láṣepé."

Mo ní kí wọ́n gbé kíláàsì náà wá sí yàrá ẹ̀gbẹ́ géètì. Wọ́n ní ibẹ̀ la ó ti máa gba àlejò ìjọba. Mo ní kí wọ́n ṣe ọ̀nà tó dà gẹ̀rẹ́, tí táyà lè gùn dókè. Wọ́n ní yóò jẹ ibi tí àlejò máa gbé mọ́tò sí. Àlejò, àlejò! Ta la tiẹ̀ ń kọ́lé fún?

Ọjọ́ tí ilé-ìwé ṣí, wọ́n ti gba obìnrin kan tó taagun síṣẹ́, kó máa pọ̀n àwọn ọmọ gòkè. Wọ́n ra ọ̀já tuntun fún un, ọ̀já aláràbarà, bí ẹni pé ìkómọ là ń ṣe. Onífọ́tò ti dúró. Ọmọ náà yí táyà rẹ̀ dé, ìyá rẹ̀ tó tọrọ àyè níbi iṣẹ́ ń tẹ̀ lé e. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí i. "Ó yá, ọmọ dáadáa, wá gun ẹ̀yìn màmá."

"Ẹ ṣeun, mà. Èmi kì í ṣe ọmọ ọwọ́. Mo ti ń se ìrẹsì fún màámi."

Ìyá rẹ̀ rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbà kí wọ́n pọ̀n ẹ. Jọ̀ọ́, torí tèmi."

"Màámi, tí mo bá fẹ́ tọ̀ ńkọ́? Ṣé wọ́n á tún pọ̀n mí sọ̀ kalẹ̀, kí gbogbo kíláàsì máa wò mí?"

Onífọ́tò gbé kámẹ́rà rẹ̀ kúrò lójú. Alága ní, "Ìgbéraga rèé! Ọmọ tí à ń ràn lọ́wọ́!"

Orí mi gbóná. Mo ní, "Ẹ gun ẹ̀yìn obìnrin yìí ná, Alága, kí wọ́n yà yín ní fọ́tò, kọ́mọ lè rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é."

"Màmá, ọjọ́ orí yín ni mò ń bọ̀wọ̀ fún o."

"Ẹ fi ọ̀wọ̀ tèmi sílẹ̀. Ọmọ yìí ni kí ẹ bọ̀wọ̀ fún."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ọmọ náà yí àga rẹ̀ padà. Òkúta wẹ́wẹ́ ń dún lábẹ́ táyà, àwọn ọmọ tó lè gòkè sì ti ń ka ABD lókè. Kò sunkún lójú wa.

Ìkà èèyàn, mo mọ bí wọ́n ṣe ń bá a jà. Ẹni tó fàánú ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ, tó tún ń retí ọpẹ́, ibo lèèyàn ti fẹ́ dì í mú?

Ọ̀rọ̀ náà ti parí báyìí. Ogún rẹ̀ tí a pín nìyí. Alága jogún orúkọ rẹ̀ lára ògiri òkè. Àwọn ọmọ tó lè gun àtẹ̀gùn, títí kan àwọn tára wọn dá ṣáṣá, jogún kíláàsì tó tutù. N ò bá wọn jà, ìwé ni wọ́n ń kà. Yàrá ẹ̀gbẹ́ géètì jogún àga tìmùtìmù tí ọ̀rá ṣì wà lára wọn, nítorí àlejò ìjọba ò tíì yọjú. Ẹnìkan tí kì í béèrè ọ̀rọ̀ ló jogún ìjókòó mi nínú ìgbìmọ̀. Ìyá ọmọ padà sídìí búrẹ́dì, ọmọ padà sínú ilé. Yunifọ́ọ̀mù tí wọ́n rán fún un, àbúrò rẹ̀ ló jogún ẹ̀. Wọ́n ká etí aṣọ náà sókè díẹ̀, ó sì ń fi í sáré gun àtẹ̀gùn yẹn láràárọ̀.