Ológo Kò Dá Oúnjẹ Jẹ

Ẹ má wulẹ̀ wá ẹni tó ń tètè jí ju Ìyá Ẹlẹ́ṣin lọ. Kí àkùkọ tó rántí iṣẹ́ rẹ̀, ìyá ti wọ bàtà òjò, ó ti gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ti ń kí àwọn ará ilé rẹ̀ káàárọ̀: kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ tí orúnkún ń dùn, màlúù tí wàrà rẹ̀ ti gbẹ, àgùntàn olójú kan. Ẹran tí àwọn olóko bá lò títí tó darúgbó, tí ojú wọn ò sì gbà á láti pa, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń fà á wá. Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní ń mu. Ẹran tí kò bímọ ńkọ́? Ìyá Ẹlẹ́ṣin ní òun lọmọ wọn.

Ààyò rẹ̀ ni Ológo, ẹṣin funfun tó bá ọkọ rẹ̀ fa kẹ̀kẹ́ ẹrù títí ọlọ́jọ́ fi dé bá bàbá náà. Eyín Ológo ti ká tán. Bó bá bu koríko sẹ́nu, yóò kàn ṣù ú bí òwú ni, yóò tu ú sílẹ̀. Ìyá wá ń fi omi gbígbóná rẹ èérí ọkà fún un, títí ọmọ tí kò tíì hu eyín yóò fi lè gbé e mì.

Wàhálà ibẹ̀ ni ewúrẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Olófòófó. Títiro ló ń tiro, àmọ́ tó bá ti gbúròó báfù oúnjẹ, eré ló ń sá. Orí tirẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wọnú oúnjẹ Ológo.

"Olè!" ni ìyá ké mọ́ ọn. "Ìwọ eléyín, oúnjẹ aláìléyín lo ń bá a dù?"

Ó fi okùn so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé, kí arúgbó lè ráyè jẹun.

Láti ọjọ́ náà, Ológo kò fẹnu kan nǹkan mọ́. Ó kọjú sí ògiri bí ọkọ tó ń bínú.

Dókítà ẹranko dé, ó yẹ ẹnu rẹ̀ wò, ó fetí sí ikùn rẹ̀. Kò rí nǹkan kan.

"Ìyá mi, ìhà ẹ̀ ti ń yọ síta. Tó bá dọ̀la tí kò jẹun, ẹ jẹ́ ká fún un lábẹ́rẹ́ ìsinmi ìkẹyìn. Kò yẹ kí àgbà jìyà."

Ìyá bẹ̀rẹ̀ sórí báfù, omijé ń kán sínú rẹ̀.

"Màmá," ọmọ rẹ̀ obìnrin ní, "ẹ má sunkún sínú èérí o. Mo ti fiyọ̀ sí i tẹ́lẹ̀."

Ìyá fẹ́ bínú, ẹ̀rín ló yọ.

Ilẹ̀ mọ́. Dókítà gbé báàgì rẹ̀ dé, ìyá àti ọmọ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ilé ẹṣin. Ta ni wọ́n bá níbẹ̀? Olófòófó ni, àjákù okùn lọ́rùn, tó ti jẹ okùn já! Orí rẹ̀ wà nínú báfù, orí Ológo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, àwọn méjèèjì ń jẹun pàṣàpàṣà.

"Ẹ wo olè àti olóko!" ọmọbìnrin náà ké, ó ń fò sókè. "Wọ́n ti parí ìjà tí wọn ò jà!"

"Ikùn ni mò ń yẹ̀ wò," dókítà ní, "àṣé àárò ọ̀rẹ́ ló ń ṣe é."

Ológo sín, èérí bo ẹ̀wù dókítà. Ìyá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Báfù ńlá ni wọ́n ń lò báyìí. Kí ìyá tó sì gbé e kalẹ̀, yóò kọ́kọ́ kọjú sí ẹ̀yìnkùlé, yóò kúnlẹ̀ wẹ́rẹ́:

"Olófòófó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀. Ẹni tẹ́ ẹ ń jà lólè ń retí yín."