Òǹtẹ̀ Tí Mo Rì Sínú Omi

Ẹ̀gbọ́n mi kì í fín irin lẹ́yìn tí oòrùn bá ti kan àtàrí. Àárọ̀ nìkan ni wọ́n máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà àgbẹ̀dẹ wa ní Ṣakí, tí wọn yóò kọjú sí ìlà oòrùn, tí wọn yóò sì máa fi irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó họ òǹtẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Òǹtẹ̀ yìí la máa ń gbé lé idẹ pẹlẹbẹ, tí a ó fi òòlù ńlá lù ú, kí àwòrán inú rẹ̀ lè jáde sára idẹ, kí ó di àmì-ẹ̀yẹ tí à ń fi kọ́ ènìyàn lọ́rùn. Ohun tó bá máa yọ sókè lára idẹ, kòtò ló gbọ́dọ̀ jẹ́ lára òǹtẹ̀. Ọ̀tún yóò di òsì. Ẹ̀gbọ́n mi kò kàwé kọjá ilé kéú, síbẹ̀ wọ́n lè yí odindi igi padà nínú orí wọn láìyà á sílẹ̀ rárá.

Èmi ni mo lọ sí yunifásítì. Kẹ́mísírì ni mo kà, mo sì fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ olùkọ́ lẹ́yìn odi kí n tó fẹ̀yìn tì wá sílé. “Ọ̀jọ̀gbọ́n” ni ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí bí wọ́n bá fẹ́ fi mí ṣẹ̀sín. Ìyàwó wọn, tí kò lè pe orúkọ mi nítorí pé ó bá mi nílé, “Akọ̀wé mi” ni tirẹ̀.

Lọ́dún kan, ilé-ìwé girama kan nílùú wa ń múra àjọ̀dún, ìgbìmọ̀ wọn sì wá bẹ ẹ̀gbọ́n mi kí wọ́n fín òǹtẹ̀ àmì-ẹ̀yẹ fún àwọn: igi òrí kan tó dúró lẹ́sẹ̀ òkè. Ojú ọ̀tún wọn ti ń ṣú nígbà náà. Wọ́n sọ fún mi pé èyí ni àṣekẹ́yìn. Oṣù mẹ́ta ni wọ́n fi fín in. Bí wọ́n bá fín díẹ̀, wọn yóò tẹ ìda oyin rírọ̀ mọ́ ọn, wọn yóò ṣí i, wọn yóò sì fi èékánná tọ ewé kọ̀ọ̀kan.

“Ẹ jẹ́ kí n fi gíláàsì mi bá yín wò ó,” mo wí lọ́jọ́ kan.

“Gíláàsì tó wà lójú rẹ láàárọ̀, tí ò ń wá kiri ilé? Jókòó jẹ́ẹ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n.”

Ìyàwó wọn rẹ́rìn-ín láti ìdí ààrò. “Akọ̀wé mi, ẹ má dá wọn lóhùn. Wọn ò tíì gbà pé àwọn náà ti darúgbó.”

Nígbà tí wọ́n fín in tán, ó ku kí òǹtẹ̀ le, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àwòrán inú rẹ̀ yóò pa rẹ́ lábẹ́ òòlù. A ó mú un pọ́n nínú iná, a ó sì rì í lójijì. Inú òrí yíyọ́ ni ìdílé wa ti ń rì í. Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ kan, ẹ̀gbọ́n mi bo òǹtẹ̀ náà mọ́ inú èédú kó máa gbóná díẹ̀díẹ̀. Bí wọ́n ti ń lọ kírun, wọ́n ní, “Má fẹ́ ẹwìrì o. Má fọwọ́ kàn án. Mo ń bọ̀.”

Mo fẹ́ ẹwìrì. Irin náà pọ́n dòò. Òrí inú ìkòkò ṣì dì, n kò sì gbé e súnmọ́ iná. Mo rántí pé olùkọ́ wa ní yunifásítì sọ pé omi ló ń mú irin le jù. Kí n má purọ́, inú mi ń dùn. Mo fẹ́ kí wọ́n dé bá iṣẹ́ ní píparí, kí wọ́n gbà fún mi lẹ́ẹ̀kan péré. Mo fi ẹ̀mú gbé òǹtẹ̀, mo rì í sínú garawa omi.

Ó hó ṣàà. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ “tá”, bí ẹni ṣẹ́ igi ìṣáná.

Ó sán láti òkè dé ìsàlẹ̀. Irin sípíríìǹgì ọkọ̀ akẹ́rù ni wọ́n fi ṣe é, irú rẹ̀ kì í sì í gba omi. N kò bi wọ́n léèrè rí pé irin wo ni.

Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n gbé e lọ síbi ìmọ́lẹ̀, wọ́n sì fọwọ́ tọ ibi tó ti sán.

“Omi?”

“Omi ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

Wọn ò bú mi. “O ò bá jẹ́ kí n kírun tán,” ni gbogbo ohun tí wọ́n sọ.

Nígbà tí àwọn ìgbìmọ̀ wá gba iṣẹ́, mo ti ro bí n ó ṣe jẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ṣíwájú mi. “Ẹ má bínú. Ọwọ́ mi ló ṣìṣe. Ogbó ti dé.” Alága wọn wò mí bí ẹni ń retí ọ̀rọ̀. Mo wolẹ̀.

Ìgbìmọ̀ náà lọ fi ẹ̀rọ gé tiwọn n'Ìbàdàn. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó gbé iṣẹ́ kankan wá fún ẹ̀gbọ́n mi mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé Ìwéré-Ilé, pé ọwọ́ bàbá alágbẹ̀dẹ ti ń gbọ̀n. Ọwọ́ wọn kò gbọ̀n títí wọ́n fi kú lọ́dún kejì.

Ní oṣù tó kọjá ni mo tó lọ bá alága náà nílé, mo sì ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un. Ó di ọwọ́ mi mú.

“Bàbá, ẹnu ẹ̀gbọ́n yín la ti gbọ́ pé ọwọ́ wọn ló ṣìṣe. Ẹ má ru ẹ̀bi olóògbé. Irú yín ló ṣọ̀wọ́n láàárín ọmọ ìyá.”

Mo tún un sọ. Ó ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó sìn mí dé ìta, ó pe ọlọ́kadà kan, ó sì kìlọ̀ fún un kó rọra gbé mi, nítorí pé ènìyàn rere ni mí.