Èédú Tí Mo Bù Kún Ti Ìlú Tó Parẹ́

Títí n ó fi kú, n kò ní í gbàgbé ọjọ́ tí lẹ́tà òkè òkun dé sí kíláàsì wa n'Ílọrin, ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn ogun abẹ́lé.

Ṣáájú ìgbà náà, Tíṣà ìtàn kó wa lọ sí oko Bàbá Sùlé, níbi tí bàbá rẹ̀ ti sọ fún un pé ìlú ńlá àwọn baba ńlá wọn ti parẹ́. Ó ní ká wa èédú nínú ilẹ̀, kí àwọn onímọ̀ lókè òkun lè fi mọ ọjọ́ orí ìlú náà. Tèmi kéré jù. Kí wọ́n má baà fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, mo bu èédú ìdí ààrò ilé wa ní àdúgbò Ṣàngó kún un. Tíṣà da ti gbogbo wa pọ̀, ó fi ránṣẹ́ sí wọn.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, Tíṣà ka èsì inú lẹ́tà náà níṣojú Bàbá Sùlé, tó wá gbọ́ ọ: èédú náà kò tíì pẹ́ rárá.

Bàbá rọra béèrè pé, "Ṣé irọ́ ni bàbá mi pa fún mi?" Ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde.

Mo sáré tẹ̀lé e, mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́. Mo rò pé yóò gbá mi létí.

"Alhamdulillah," ni ó wí. "Bàbá mi ò purọ́. O ṣeun, ọmọ mi."

Tíṣà gbọ́ ohun tí mo ṣe, ṣùgbọ́n kò rí èédú mìíràn fi ránṣẹ́ mọ́, a kò sì mọ ọjọ́ orí ìlú náà. Ọpẹ́ tí Bàbá dú yẹn dùn mí ju kòbókò lọ.