Òkèlè Kan ní Ilé Àna

Ọkọ̀ ojú omi ni èmi àti bàbá mi wọ̀ láti Ìpákòdó ní Ìkòròdú lọ sí Ẹ̀pẹ́, láti tọrọ ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì. Oúnjẹ tí wọn yóò gbé fún wa ló ń bà mí lẹ́rù.

Ó ti pẹ́ tí òkèlè kò ti gba ọ̀nà ọ̀fun bàbá mi kọjá mọ́. Ẹ̀kọ gbígbóná ni wọ́n ń mu, díẹ̀díẹ̀, lẹ́yìn ilẹ̀kùn títì. "Ẹni tó bá sọ ọ́ síta, èmi àti olúwarẹ̀ ni," ni wọ́n wí fún gbogbo ilé.

Ní Ẹ̀pẹ́, wọ́n gbé ìkọ́kọrẹ́ ẹlẹ́ja àti ẹ̀bà tútù síwájú àwọn bàbá méjèèjì, abọ́ kan náà.

"Àna wa, ẹ bù ú," ni bàbá ọmọ wí. "Nílé yìí, a kì í fi ẹnu gbígbẹ sọ̀rọ̀ ọmọ."

"A ti jẹun wá o," ni bàbá mi dáhùn.

Àbúrò bàbá ọmọ tó jókòó tì wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ará Ìkòròdú! Àbí wọ́n ní kí ẹ ṣọ́ra fún ẹja wa ni?"

Bàbá mi bu òkèlè. Bóyá nítorí iyì ni, bóyá nítorí mi, n kò lè sọ. Ó wọ ẹnu, kò lọ. Ojú wọn pọ́n, iṣan ọrùn wọn yọ. Ẹ̀rín dá.

"Wọ́n fẹ́ tu ú," ni àbúrò náà wí. "Wọ́n rò pé a fi nǹkan sí i."

Bàbá ọmọ yọwọ́ nínú abọ́, wọ́n fa omi ìfọwọ́ sọ́dọ̀. Mo mọ̀ pé bí wọ́n bá fọwọ́ tán, kò sí ọ̀rọ̀ ìyàwó mọ́.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fọwọ́. Ọ̀fun bàbá mi ni kò gba òkèlè. Ẹ̀kọ nìkan ni wọ́n ń mu."

Bàbá mi tu òkèlè náà sọ́wọ́. Wọn kò wò mí.

"Kí ló dé tí ẹ kò sọ?" ni bàbá ọmọ béèrè.

"Ojú ń tì mí."

Bàbá ọmọ ké sí ìyàwó wọn pé kó po ẹ̀kọ wá, sínú igbá kan. Àwọn bàbá méjèèjì jọ mu ún. Bàbá mi á gbé díẹ̀ mì, wọn á dúró. Bàbá ọmọ náà á dúró. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe títí igbá fi gbẹ.

"Ó yá, kí lẹ bá wá?" ni bàbá ọmọ béèrè.

Gbogbo ayé mọ̀ pé ọkọ ìyàwó kì í tọrọ fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá mi nawọ́ sí mi.

"Òun ló ń gbẹnu sọ fún mi láti ẹ̀ẹ̀kan. Kó máa sọ ọ́ lọ."

Bóyá ìbínú ni, bóyá ìdáríjì, n kò tíì mọ̀ di òní. Mo dọ̀bálẹ̀, mo fẹnu ara mi tọrọ ìyàwó mi.