Ọjọ́ Tí Àwọn Ìyá Tú Ìró ní Etí Ọ̀sà

Nígbà tí mo wà ní kékeré, etí ọ̀sà Àjàṣẹ́ ni gbogbo ayé mi. Ilé wa kò jìnnà sí omi, ìyá tó bí ìyá mi, tí a ń pè ní Ìyá àgbà, sì ni olórí àwọn obìnrin tó ń wọ ọkọ̀ ná ọjà Àgbádárìgì. Wọ́n á kó epo àti èkùrọ́ lọ, wọ́n á kó iyọ̀, tábà àti aṣọ bọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi yìí kò mọ bí etí omi náà ṣe rí nígbà yẹn. Àwọn atukọ̀ ló kún ibẹ̀. Bàǹtẹ́ ni wọ́n ń sán, àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ sán nǹkan kan bí wọ́n bá wọnú omi láti ti ọkọ̀. Àwọn àgbà á máa kọjá, wọ́n á kí wọn kú iṣẹ́. N kò gbọ́ ọ rí kí ẹnikẹ́ni sọ pé ojú òun rí èèwọ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n ń rí, wọn kò rí ìhòòhò.

Àsìkò náà ni Faransé ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé àsíá rẹ̀ kọ́ sí ìlú wa. Ọba ṣì wà lórí oyè, ṣùgbọ́n ibodè tuntun kan dé sí etí omi, wọ́n sì fi àwọn ọkùnrin kan síbẹ̀ láti máa gba owó lórí ẹrù. Kò pẹ́ tí àwọn oníbodè yìí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé àwọn obìnrin ń fi tábà pamọ́ sábẹ́ ìró. Bóyá àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀, n kò ní purọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá ti gúnlẹ̀ báyìí, wọ́n á ní kí obìnrin tú ìró rẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn. Wọn kì í ní kí ọkùnrin tú nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ agbádá ló gba tábà ju ìró lọ.

Àbúrò ìyá mi, tí mo ń pè ní Ìyá Kékeré, ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ọkọ nígbà náà. Ó ń bá wọn ná Àgbádárìgì. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo lọ pàdé rẹ̀ létí omi. Bó ṣe sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ni oníbodè kan ní kó tú ìró.

Ó ní, "Ẹ wo ẹrù mi. Ẹ tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó bá wù yín. Ara mi kì í ṣe ẹrù."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó nawọ́, ó fa ìró náà, ó fa tòbí tó wà lábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí tábà kankan níbẹ̀. Ìyá Kékeré dúró nínú oòrùn, ó fi apá bo ara rẹ̀, àwọn ènìyàn sì ń wò ó. Mo sáré gbé ìró náà nílẹ̀, mo nà án sí i, ṣùgbọ́n kò mú apá kúrò lára rẹ̀, èmi ni mo bá a ró o. Ẹnikẹ́ni kò kígbe èèwọ̀ lọ́jọ́ náà. Baba arúgbó kan tó jókòó sábẹ́ igi ń jẹ orógbó rẹ̀ lọ ní tirẹ̀ ni.

Ibi tó yẹ kí wọ́n ti tù ú nínú ni wọ́n ti dá kún un. Ìyá ọkọ rẹ̀ ní òun kò mọ bí òun yóò ṣe máa pe obìnrin tí gbogbo ọjà ti rí ìhòòhò rẹ̀ ní ìyàwó ilé òun. Ọkọ rẹ̀ kò lù ú, kò bú u, ṣùgbọ́n kò jẹ oúnjẹ rẹ̀ mọ́. Nígbà tó yá, Ìyá Kékeré di ẹrù rẹ̀, ó padà sílé wa, ó sì ń fi ojoojúmọ́ jókòó sí ẹ̀yìnkùlé.

Ìyá àgbà lọ bá àwọn baálé àdúgbò. Wọ́n ní kó ṣe sùúrù, pé ọ̀rọ̀ tó bá kan ọba tó kan òyìnbó kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìkánjú. Ó lọ bá ìjòyè kan láàfin. Ìyẹn ní kó lọ kìlọ̀ fún àwọn obìnrin rẹ̀ kí wọ́n yé gbé tábà pamọ́. Ó padà délé, ó ránṣẹ́ sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ káàkiri ìlú.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, àwọn ìyá arúgbó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ agbo ilé wa. Ìmàle wà nínú wọn, olórìṣà wà, àwọn ìyá Ègùn náà wà. Gbogbo wọn ló ti ní ọmọ ọmọ. Ìyá Kékeré bọ́ síta, ó ní òun yóò bá wọn lọ.

Ìyá àgbà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Wọ́n ti tú tìrẹ," ni ó wí. "Bí o bá máa lọ, ró ìró rẹ kó le dáadáa. Ìwọ ni yóò bá wa di aṣọ mú."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ. Wọn kò kọrin, wọn kò pariwo. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ibodè, wọ́n tú ìró, wọ́n tú tòbí, wọ́n ń kó o fún Ìyá Kékeré lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì dúró. Ẹ̀yin ọmọ mi, ara tó ti bímọ, tó ti ru ẹrù, tó ti darúgbó, kò sí ohun ẹ̀sín kankan nínú rẹ̀. Ẹ̀rù ló bà mí, ẹ̀rù bí ìgbà tí òjò ńlá bá ṣú. Àwọn oníbodè kọ ẹ̀yìn sí wọn. Ọ̀kan bẹ́ sómi. Òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá wọn jáde, ó tún padà wọlé, ògbufọ̀ rẹ̀ sì fi fìlà bo ojú.

Ìgbà náà ni ariwo ta. "Èèwọ̀! Ẹ wọṣọ! Ẹ ti ba ìlú jẹ́!" Àwọn tó dúró wo Ìyá Kékeré ni wọ́n ń kígbe yìí. Baba olórógbó yẹn ni ohùn rẹ̀ ròkè jù.

Ìyá àgbà kọjú sí wọn. "Èyí tí wọ́n fi ipá tú, ẹ la ojú sílẹ̀, ẹ wò ó. Èyí tí a fi ọwọ́ ara wa tú ló wá ń ta yín lójú. Ìgbà wo ni ìlú bà jẹ́ gan-an?"

Kí oòrùn tó kan àtàrí, ìjòyè sáré wá láti ààfin, ó sì ṣèlérí pé ọkùnrin kankan kò ní fọwọ́ kan ìró obìnrin mọ́ ní ibodè yẹn. Wọ́n mú ìlérí náà ṣẹ.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò parí síbẹ̀. Àwọn baálé ní kí àwọn ìyá mú ewúrẹ́ wá, kí wọ́n fi ṣe ètùtù ilẹ̀ tí wọ́n bà jẹ́. Wọn kò bi oníbodè léèrè ohunkóhun. Àwọn ìyá kan mú tiwọn wá, kí àlàáfíà lè wà. Ìyá àgbà ní ọjọ́ tí oníbodè bá fa ewúrẹ́ tirẹ̀ wá ni òun yóò fa ti òun. Nítorí èyí, wọ́n gba ipò olórí lọ́wọ́ rẹ̀, wọn kò sì pè é sí ìpàdé àdúgbò mọ́. Ọjà Àjàrà, tí kò jìnnà sí ìlú wa, ló ń ná títí ó fi kú. N kò gbọ́ kó kábàámọ̀.

Ọkọ Ìyá Kékeré wá bẹ̀ ẹ́ kó padà. Ìyá Kékeré bi í pé, "Kí ni mo ṣe tí ẹ kò fi jẹ oúnjẹ mi?" Ọkùnrin náà wolẹ̀. Ìyá Kékeré kò bá a lọ.

Ayé ti yí padà lójú mi. Aṣọ ti pọ̀ nílùú, àwọn atukọ̀ ń wọ ṣòkòtò, àwọn ọmọ wa sì ń kọ́ èdè Faransé. Ọmọ ọmọ mi kan tó ń lọ sílé ìwé gbọ́ nípa ọjọ́ náà lẹ́nu àwọn ẹlòmíràn, ó wá sọ fún mi pé ìwà ará oko ni àwọn ìyá yẹn hù, pé ọ̀làjú kì í tú aṣọ síta. Mo bi í pé ọkùnrin tó fa ìró Ìyá Kékeré ńkọ́, tó wọ ẹ̀wù oníbọ́tìnnì, tó dé fìlà Faransé, ìwà ta ni ó hù? Ó ní ẹnikẹ́ni kò sọ ti ìyẹn fún òun.

Mo fa àpótí sún mọ́ ẹsẹ̀ mi, mo ní kó jókòó, kó gbọ́ ti ìyẹn lẹ́nu mi.